Ìyá Ìgò àti Iná Tí Ojú Kò Rí

Ìyá Ìgò là ń pè é nílé-ìwé wa, nítorí pé ìgò ló ń fọ̀. Kì í ṣe tíṣà. Wọ́n gbà á síṣẹ́ láti máa gbá yàrá sáyẹ́ǹsì, kó máa nu tábìlì, kó máa fọ àwọn ìgò àti ife tí àwọn ọmọ kíláàsì òkè bá fi ṣe ìdánwò, kó sì tò wọ́n padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù bó ṣe bá wọn. Obìnrin gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rẹ́rìn-ín lásán. Ásíìdì ti jẹ orí ìka rẹ̀ méjì débi pé wọ́n ń dán bí ìgbà tí èèyàn bá fi epo pa wọ́n.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi gbálẹ̀ níbẹ̀. Tíṣà mẹ́rin wá, mẹ́rin lọ, òun wà níbẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀. Bí wọ́n bá ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́, á máa nu fèrèsé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin. Ohun tó bá gbọ́, á kọ ọ́ sínú ìwé kan tó máa ń fi sápò épúróònù rẹ̀. Kíláàsì kẹfà ni òun fúnra rẹ̀ kàwé mọ, àmọ́ ìwé àpò yẹn ti di mẹ́sàn-án kó tó di pé èmi wọ ilé-ìwé náà.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin ni. Ọkọ rẹ̀ ti bá iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn nígbà tí oyún wà ní oṣù karùn-ún, kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà la sọ ní Kílódé, torí kò sí ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún un tí kò ní bi yín pé, "Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?" Nítorí pé ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé-ìwé, wọ́n gbà á wọlé bí wọ́n ṣe máa ń gba ọmọ òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ yúnífọ́ọ̀mù, ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó ní:

"Tá a bá ti dé géètì, èmi kọ́ ni màmá ẹ mọ́. 'Ẹ káàárọ̀ mà' ni kó o máa kí mi bí àwọn tó kù. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgbálẹ̀ mi bú ẹ."

Ọmọ gbọ́ràn. Ó tiẹ̀ gbọ́ràn kọjá bí ìyá rẹ̀ ṣe rò. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, tí wọ́n bá pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Kílódé á kàn mirí, á kọjá. Ojú mi báyìí ló ṣe lọ́jọ́ kan, tó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rìn dé ibi tí ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ sí tó ń fọ ilẹ̀, tó sì fo bọ́kẹ́ẹ̀tì náà kọjá bí ẹni fo kòtò. Ìyá Ìgò ò gbójú sókè. Ó kàn fa bọ́kẹ́ẹ̀tì náà sún mọ́ra kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ráyè kọjá.

Lórí ìwé, Tíṣà Sáyẹ́ǹsì ni olórí Ẹgbẹ́ Sáyẹ́ǹsì. Ọ̀dọ́kùnrin ni, bàtà rẹ̀ máa ń kọ mànà, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í kan ohunkóhun tó lè ṣe é ní àbàwọ́n. Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń ṣe ẹgbẹ́. Á wọlé, á kọ ìlà mẹ́wàá sójú pátákó, á ní ká dà á kọ, á sì jáde lọ. Ọmọ mọ́kànlá ni wá. Èmi náà wà lára wọn, mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, ọdún kan péré ni Kílódé fi jù mí lọ.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ohun tí Tíṣà kọ ni pé òòfà máa ń fa irin mọ́ra. A dà á kọ. Kílódé gbójú sókè, ó ní, "Kí ló dé tó fi ń fà á?" Tíṣà ti jáde. Kò sí ẹni tó máa dá a lóhùn. Ìyá Ìgò wà ní kọ̀rọ̀, ó ń nu síńkì. Ó ju àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣí dúróò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó mú sípíkà inú rédíò kan tó ti bàjẹ́ jáde, èyí tí òòfà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó da ìṣó wẹ́wẹ́ sórí pépà, ó fi ẹ̀yìn sípíkà náà sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má wo pátákó mọ́," ó ní. "Ibí ni kẹ́ ẹ wò."

Àwọn ìṣó náà dìde dúró ṣánṣán bí irun orí ológbò tínú ń bí. A pariwo. Láti ọjọ́ náà, bí Tíṣà bá ti kọ ìlà mẹ́wàá rẹ̀ tán tó sì jáde, Ìyá Ìgò á nu pátákó náà nù, ẹgbẹ́ á wá bẹ̀rẹ̀.

Ó kọ́ wa láti da omi sínú gílóòbù iná tó ti jó, ká fi wo èèpo àlùbọ́sà títí a ó fi rí i pé ó pín sí yàrá-yàrá bíi búlọ́ọ̀kù ara ògiri. A ha abẹ́rẹ́ ìránṣọ mọ́ òòfà, a gbé e lórí ewé nínú àwo omi, ó yí, ó sì dojú kọ ibì kan náà lójoojúmọ́ bó ti wù ká yí àwo náà tó. A gé ìdí ike omi kan, a to yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti èédú sínú rẹ̀, a da omi ẹrẹ̀ sí i lókè. Nígbà tí omi tó jáde nísàlẹ̀ mọ́ gaara, Pẹ́ńpẹ́ sunkún. Pẹ́ńpẹ́ ló kéré jù nínú wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọ bíríkìlà kan tó ń gbé lójúlé kejì sí wa. Ó ní òun rò pé ẹrẹ̀ náà ti kú ni.

Má rò pé Ìyá Ìgò máa ń pọ́n wa lé. Kì í yìnni. Bó o bá ní ìwé ló sọ pé báyìí ni nǹkan ṣe rí, ó máa ní, "Ìwé ò lójú. Ìwọ tó o lójú ńkọ́?" Bó o bá fọ́ ìgò, ìwọ lo máa ṣà á, ìwọ lo sì máa sọ fún gbogbo wa ohun tó jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ ẹ. Síbẹ̀, kò sí ọmọ kankan nínú wa tó jẹ́ pa Ọjọ́bọ̀ jẹ. Kílódé gan-an, tí kì í bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé-ìwé, ni ìbéèrè rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Ìyá rẹ̀ á dá a lóhùn láìwojú rẹ̀. Mo máa ń rí i tí ọrùn ìyá náà máa ń le tó bá ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe di ọdún kejì, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ìdíje sáyẹ́ǹsì máa wáyé ní olú-ìlú, ọmọ tó bá gbégbá orókè, ìjọba máa rán an nílé-ìwé títí dé yunifásítì. Ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé ni Tíṣà Sáyẹ́ǹsì rántí pé òun lòun ni ẹgbẹ́. Ó wo ẹ̀rọ ìsẹ́mi wa, ike tá a fi ń sẹ́ omi ẹrẹ̀, ó yọ ṣùtì.

"Ẹrẹ̀ àti èédú? Ṣé bíríkìlà lẹ fẹ́ yà ni? Nǹkan tó máa fa ojú wọn mọ́ra là ń wá."

Ó ní iná aláwọ̀ mèremère la máa gbé lọ. Èèyàn á da sípíríìtì sínú àwo funfun kéékèèké mẹ́ta, á bu iyọ̀ sí ọ̀kan, á bu àwọn èròjà mìíràn sí méjì tó kù, á ṣáná sí wọn. Ọ̀kan á jó pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè, ọ̀kan á jó ní pupa, ọ̀kan á jó ní àwọ̀ ewé. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló pe Ọ̀gá Àgbà pé kó wá wo bá a ṣe ń fi ṣe ìgbáradì. Ọ̀gá Àgbà jẹ́ obìnrin tó sanra, tó máa ń wọ jígí tó fi okùn kọ́ sọ́rùn. Ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́, Tíṣà ti ṣáná sí àwọn àwo náà, kò sì fẹ́ kí iná náà kú kó tó dé.

Oòrùn ọ̀sán ti wọlé láti ojú fèrèsé, ó bo tábìlì náà. Ìyá Ìgò gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n fa kọ́tìnnì. Nínú oòrùn báyìí, iná sípíríìtì kì í hàn sójú. Èèyàn á rò pé ó ti kú."

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká ráyè."

"Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bù sí i, ẹ jẹ́ n bá yín rọ ọ́ sínú ife kékeré. Ìgò ńlá yẹn ò dáa kó sún mọ́ iná, sà."

Tíṣà yíjú sí i. Ó tó ọmọ tí obìnrin náà lè bí, ó sì ti máa ń bọ̀wọ̀ fún un lẹ́nu, ó kéré tán. Lọ́jọ́ yẹn, ó já "ẹ" kúrò lẹ́nu.

"Ìwọ, ilé-ìwé wo lo lọ? Mú ìgbálẹ̀ ẹ kó o bọ́ sẹ́yìn."

Àwọn kan nínú wa rẹ́rìn-ín. Kílódé wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ torí pé mo rí i.

Iná àwo àárín ni kò ṣeé rí mọ́ nínú oòrùn. Tíṣà gbà pé ó ti kú. Ó gbọ́ bàtà Ọ̀gá Àgbà lọ́nà, ó kánjú, ó gbé ìgò ńlá náà, ó dà á sórí àwo. A ò rí nǹkan kan. A kàn gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn bá gbọn aṣọ tútù, iná sì ti tú jáde lẹ́nu ìgò náà, ó gba orí tábìlì kọjá lọ sọ́dọ̀ Pẹ́ńpẹ́, tó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró níwájú pátápátá kó lè ríran.

Tíṣà ju ìgò sílẹ̀, ó sá jáde. Ìyá Ìgò ò sá. Ó fa àkísà tó fi ń fọ ilẹ̀ jáde nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tomitomi, ó fi wé ọmọ náà lórí, ó gbé e lọ sídìí síńkì, ó sì di orí rẹ̀ mú sábẹ́ omi ẹ̀rọ. Ọmọ náà ń ké. Ó ń ké lọ́nà tí mi ò gbọ́ rí, tí mi ò sì fẹ́ gbọ́ mọ́. Ìyá Ìgò ń bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kò sì jẹ́ kí orí rẹ̀ kúrò lábẹ́ omi títí ọkọ̀ ilé-ìwòsàn fi dé. Dókítà sọ lẹ́yìn náà pé omi yẹn ló gba ojú rẹ̀ là. Etí ọ̀tún àti ọrùn kò ríbi sá sí. Ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún lẹ̀ mọ́ra wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Àgbà pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà Sáyẹ́ǹsì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"A ti gbọ́ pé Ìyá Ìgò ló lọ gbé ìgò náà," Ọ̀gá Àgbà wí fún mi. "Ṣé o rí i?"

Mo wo Tíṣà. Mo ní ìta ni mò ń wò, mi ò rí nǹkan kan. Ó ní kí n máa lọ. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Àwọn mẹ́jọ mìíràn ṣe bí mo ti ṣe. Pẹ́ńpẹ́ wà nílé-ìwòsàn. Kílódé nìkan ni wọ́n fún ní pépà àti bíírò, ó sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni wọ́n pe ìyá rẹ̀. Akọ̀wé ọ́fíìsì, tó dúró ti ẹnu ọ̀nà, ló sọ fún màmá mi bó ṣe lọ. Ọ̀gá Àgbà wọ jígí rẹ̀, ó ka pépà náà sókè: pé obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló dá sí iṣẹ́ Tíṣà, pé òun ló gbé ìgò sípíríìtì, pé ó ti pẹ́ tó ti máa ń fọwọ́ kan àwọn nǹkan tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn.

"Ta ló kọ ọ́?" Ìyá Ìgò béèrè.

Wọ́n nà án sí i. Kò nílò àtiwo orúkọ tó wà nísàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló di ọmọ náà lọ́wọ́ mú tó fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà, ó sì mọ bó ṣe máa ń fa ìrù lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ká a sí méjì, ó dá a padà.

"Ṣé o ní ohun tó o fẹ́ sọ?" Ọ̀gá Àgbà bi í.

"Rárá, mà."

Ó kó kọ́kọ́rọ́ yàrá sáyẹ́ǹsì sórí tábìlì. Wọ́n ní kó gba ẹ̀yìn jáde kí àwọn ọmọ má bàa rí i. Àmọ́ àkókò ìsinmi ni, a sì wà lẹ́yìn. A rí i. Kò sẹ́ni tó kí i.

Láti ọjọ́ tí iná ti jó Pẹ́ńpẹ́ ni Ìyá Ìgò ti máa ń lọ sílé-ìwòsàn láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ó máa ń gbé aṣọ mímọ́ lọ, á máa fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ náà lára. Bíríkìlà, bàbá Pẹ́ńpẹ́, ti dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́jọ́ kìíní, ó ní bí kì í bá ṣe tirẹ̀, òun ì bá ti sin ọmọ. Nígbà tí Pẹ́ńpẹ́ lè sọ̀rọ̀, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé Tíṣà ló gbé ìgò. Bíríkìlà ò dúró gbọ́ ìkejì. Tòun ti sìmẹ́ńtì lára, ó gba ilé-ìwé lọ, ó ní òun máa fọ́ Tíṣà lórí.

Ọ̀gá Àgbà ò bá a jà. Ó ní kó jókòó. Ó gbé pépà náà síwájú rẹ̀, nígbà tó sì rí i pé ó ń lọ́ra láti kà á, ó kà á fún un.

"Ọmọ bíbí inú obìnrin náà ló kọ èyí," ó ní. "Ọmọ yín ò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ, ara ń ro ó, iná ti dà á lọ́kàn rú. Àmọ́ ẹ bi ara yín. Ṣé ọmọ á máa parọ́ mọ́ ìyá rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ bíríkìlà lára. Bó ṣe padà dé ilé-ìwòsàn, Ìyá Ìgò ló bá lẹ́bàá ibùsùn, tó ń rẹ báńdéèjì sínú abọ́ omi kó má bàa já awọ ọmọ náà. Ó gba báńdéèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbá abọ́ omi náà dà nù.

"O wá ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ, àbí? O jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ fún ẹ!"

"Bàbá, òun kọ́!" Pẹ́ńpẹ́ ké láti orí ibùsùn. "Tíṣà ni! Bàbá, Tíṣà ni!"

"Panu ẹ mọ́!"

Gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú sí wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Ìyá Ìgò ní láti sọ: irọ́ ni pépà yẹn. Bó bá sì sọ ọ́, á jẹ́ pé òpùrọ́ ni ó pe ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu omi tó dà sílẹ̀ kí nọ́ọ̀sì má bàa yọ̀ ṣubú. Ó ní, "Ẹ má bínú," ó sì jáde. Kò padà síbẹ̀ mọ́.

Mo ti sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ohun tí òun náà ṣe ni mo fẹ́ sọ báyìí, kò sì dùn ún sọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lé e, Kílódé délé, ó bá oúnjẹ lórí tábìlì bí ó ṣe máa ń wà. Ìyá rẹ̀ ò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tó di àárọ̀, ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màámi." Ìyá rẹ̀ wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó tẹ orúnkún rẹ̀ díẹ̀, ó ní:

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Kílódé rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Láti ọjọ́ náà lọ, ìyá tó bí i ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, ó ń pè é ní "mà," bí ìránṣẹ́ ṣe ń ṣe fún ọ̀gá. "Omi yín ti gbóná, mà." "Ẹ má gbàgbé ìwé yín, mà." Kò lù ú, kò bú u, kò fi oúnjẹ dù ú. Ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń to bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà sunkún, ó gbààwẹ̀, ó tilẹ̀ fọ́ abọ́ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan kí ìyá rẹ̀ lè pariwo mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ gbé ìgbálẹ̀, ó gbá a mọ́, ó ní, "Ẹ rọra o, mà, kó má gún yín lẹ́sẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìgò obìnrin, aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì sí tiwọn, bẹ̀ ẹ́ títí.

"Ṣé ìwọ náà ò láàánú ni? Ọmọdé ni ọmọ yìí. Wọ́n fipá mú un kọ ọ́ ni."

"Mo mọ̀. Ohun témi náà ń sọ fáyé nìyẹn."

Òótọ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ọmọ náà láìdáa níta, Ìyá Ìgò á gbèjà rẹ̀, á ní wọ́n fipá mú un ni. Bó bá wọlé tán, á tún pè é ní "mà."

Nígbà tí ìdíje dé, iná ò ṣeé gbé lọ mọ́. Ẹ̀rọ ìsẹ́mi ni wọ́n gbé lọ, èyí tí Tíṣà yọ ṣùtì sí. Kílódé ló dúró ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn adájọ́. Ó gbégbá orókè. Nínú fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà, Tíṣà Sáyẹ́ǹsì ló gbé ẹ̀rọ náà dání, ó rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́. Kó tó pé ọdún méjì, wọ́n gbé e ga lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, níbi tó ti ń kọ́ àwọn tíṣà mìíràn bí wọ́n ṣe ń darí ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹgbẹ́ tiwa kógbá wọlé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wa sọ Pẹ́ńpẹ́ ní Àjókù. Ọdún kan ló gbìyànjú, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣe tán láti gbọ́ pé Tíṣà ni. Nígbà tó yá, ó sú u, ó sì fi ilé-ìwé sílẹ̀.

Ìyá Ìgò rí iṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ilé-ìwòsàn. Aṣọ ibùsùn tí ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ti gbẹ mọ́ ló ń fọ̀. Ibẹ̀ ló wà tí Kílódé fi pé ọdún méjìdínlógún, tó sì di ẹrù rẹ̀ lọ sí yunifásítì. Ìyá rẹ̀ bá a gbé báàgì dé ibùdókọ̀. "Ẹ rìnnà ire, mà," ló sọ, ó sì padà síbi iṣẹ́.

Lẹ́tà Kílódé ń wá lóṣooṣù. Aránṣọ, ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìgò, sọ fún mi pé àbúrò òun máa ń ka gbogbo rẹ̀ dópin, ó sì ń kó wọn sábẹ́ ibùsùn. Kò fèsì sí ìkankan.

Ọdún mẹ́tàlélógún kọjá lẹ́yìn ọjọ́ iná náà. Kílódé ti di olùkọ́ kẹ́mísìrì ní yunifásítì. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn ládùúgbò wa àtijọ́. Ó yọ sí mi níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, irun rẹ̀ ti ń hu ewú níwájú. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun lọ sọ́dọ̀ ìyá òun, pé òun ò lè dá lọ.

A bá Ìyá Ìgò lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti bó nítorí oògùn ìfọṣọ. Kílódé kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Màámi, mo fẹ́ lọ kọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà fún ilé-ìwé. Mo fẹ́ kí wọ́n wẹ̀ yín mọ́."

Ìyá Ìgò wò ó níbi tó kúnlẹ̀ sí. Ó wá ní, "Mo ní ìbéèrè kan. Lọ́jọ́ yẹn, ṣé wọ́n fipá mú ẹ?"

Mo gbọ́ "ẹ" náà. Kì í ṣe ti ọ̀wọ̀ mọ́. Kílódé náà gbọ́ ọ.

"Rárá, mà," ó ní. "Ọ̀gá Àgbà ní kí n kọ ohun tí mo rí. Mo ti kọ ìlà méjì, òótọ́ ni mo sì kọ. Tíṣà wá ní, bí wọ́n bá ti ẹgbẹ́ pa, ta ló máa lọ síbi ìdíje? Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ya ti àkọ́kọ́, mo béèrè fún pépà mìíràn."

"O béèrè fún un fúnra ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa." Ìyá Ìgò nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ aṣọ. "Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń sọ fáyé pé wọ́n fipá mú ẹ. O ti gbà mí lọ́wọ́ ìyẹn. Dìde, ilẹ̀ tútù."

Kílódé sì kọ lẹ́tà náà sí ilé-ìwé. Ojú ewé mẹ́rin ni, kò sì dá ara rẹ̀ sí. Èmi náà kọ tèmi, mo ní mi ò wo ìta lọ́jọ́ náà, mo ní mo rí gbogbo rẹ̀. A fi ránṣẹ́ pa pọ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, èsì dé. Ọ̀gá àgbà tuntun ló fọwọ́ sí i. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Wọ́n ní àwọn ti yẹ ìwé àwọn wò, àwọn ò sì rí orúkọ òṣìṣẹ́ kankan tó jọ èyí tá a kọ, torí pé wọn kì í kọ orúkọ àwọn agbálẹ̀ sílẹ̀ láyé ìgbà náà. Wọ́n ní àwọn ka ọ̀rọ̀ náà sí èyí tó ti parí.

Kílódé kà á fún ìyá rẹ̀. Obìnrin náà ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, tó fi ní láti di ìgbáròkó rẹ̀ mú.

"Ìyẹn ni pé mi ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí! A jẹ́ pé mi ò jó ọmọ ẹnikẹ́ni nìyẹn."

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Kílódé ṣì máa ń wá ní gbogbo Sátidé tó bá bẹ̀rẹ̀ oṣù. Ìyá rẹ̀ á ní, "O ti dé." Wọ́n á jókòó, ọ̀kan lórí àpótí, ọ̀kan lórí àga, wọ́n á máa wo àwọn tó ń kọjá lójú títì. Tí ọkọ̀ bá ti ń fọn fèrè ní ibùdókọ̀, ìyá rẹ̀ á ní, "O ti ń lọ." Mo ti bá wọn jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín "O ti dé" àti "O ti ń lọ."